Kámẹ́rà bone scan kì í ta rédíéṣọ̀n sí yín lára

Àǹtí mi kan ni dókítà kọ ìwé fún pé kí wọ́n lọ ṣe bone scan, ìyẹn àwòrán egungun. Wọ́n rí "nuclear medicine" lórí ẹ̀, wọ́n ká ìwé náà, wọ́n tì í bọ báàgì. Wọ́n ní nuclear tí àwọn mọ̀, ti bọ́ǹbù ni, pé kò sẹ́ni tó máa gbé àwọn sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń jó egungun èèyàn. Mi ò rẹ́rìn-ín o, torí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò ó náà nìyẹn, pé ẹ̀rọ ńlá yẹn ló ń ta rédíéṣọ̀n lu èèyàn, pé béèyàn bá ṣe pẹ́ tó lábẹ́ ẹ̀ ló ṣe máa wọ̀ ọ́ lára tó, tó bá sì ti wọlé, ó di títí ayé.

Irọ́ ni. Gamma camera ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ yẹn, kì í ta nǹkan kan, ó kàn ń wò ni. X-ray ló dà bí ẹni tan tọ́ọ̀ṣì sínú òkùnkùn, eléyìí, tanátaná ni, ara yín gan-an ló ń tàn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún yín ní wákàtí méjì sí mẹ́rin ṣáájú ló gbé technetium-99m wọlé, èròjà tó ń ta rédíéṣọ̀n, wọ́n ti so ó mọ́ kẹ́míkà kan tí egungun máa ń fà mọ́ra, ibi tí egungun bá ti ń ṣiṣẹ́ jù, bóyá ó kán ló ń jinná ni o, bóyá àrùn ló wà níbẹ̀ ni o, ibẹ̀ ló máa dúdú jù nínú àwòrán. Torí náà bẹ́ ẹ lo wákàtí kan lábẹ́ kámẹ́rà, iye tó wà lára yín ò ní torí ẹ̀ lé sí i. Àfi tí wọ́n bá fi CT, ẹ̀rọ tó ń fi x-ray ya inú ara, kún un ni, ìyẹn ń ta x-ray tiẹ̀.

Ti títí ayé ńkọ́? Wákàtí mẹ́fà mẹ́fà ni technetium yẹn fi ń dín kù sí ìlàjì, tó bá pé wákàtí 24, ìdá kan nínú 16 ló kù, a ò tíì ka èyí tó bá ìtọ̀ lọ. Mi ò ní kò sí rédíéṣọ̀n níbẹ̀ o. Ó wà, bí èyí téèyàn ń gbà láti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ojú ọ̀run láàárín bí ọdún méjì. Àwọn kan á ní, tí ò bá léwu, kí ló dé tí ẹni tó ń gúnni fi òjé bo abẹ́rẹ́ ẹ̀ tó sì ń yára sún sẹ́yìn? Ṣebí ẹ̀ẹ̀kan lẹ gbà á, òun ń gún èèyàn lójoojúmọ́, ọdọọdún.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀rọ lẹ ń bẹ̀rù, ẹ wá fojú di omi àti ìtọ̀. Nígbà tí àǹtí mi gbà láti lọ, àmì dúdú kan yọ níbi itan wọn, gbogbo wa dákẹ́. Ọkùnrin tó ń yà wọ́n ò tiẹ̀ ṣe bí ẹni tó rí nǹkan, ó kàn ní kí wọ́n lọ fọ ibẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ yẹ̀rì. Ó tún un yà, àmì ti lọ. Ìtọ̀ ló ta sí aṣọ! Kámẹ́rà ò mọ̀ bóyá egungun ló ń tàn tàbí yẹ̀rì, ibi tí nǹkan yẹn bá wà ló ń yà. Ìdí tí wọ́n fi ń ní kẹ́ ẹ mu omi dáadáa kẹ́ ẹ sì tọ̀ kẹ́ ẹ tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì náà nìyẹn, torí tí àpò ìtọ̀ bá kún, á bo egungun ìbàdí mọ́lẹ̀.

Ẹ má sì fi ìtọ́ni tẹlòmíì ṣe tiyín. Bone scan, ẹ lè jẹun. PET scan, àwòrán nuclear míì tí wọ́n fi nǹkan bíi ṣúgà tó ń ta rédíéṣọ̀n ṣe, ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹun fún bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kò sí ṣíńgọ́ọ̀mù, kò sí eré ìdárayá láti ọjọ́ tó ṣáájú, torí iṣan tó ṣiṣẹ́ á gba ṣúgà yẹn mọ́ àrùn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ bi wọ́n léèrè nípa oògùn yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ má dá a ṣe. Tó bá jẹ́ ọkàn ni wọ́n fẹ́ yà, wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú kọfí àti tíì.

Tẹ́ ẹ bá lóyún tàbí tẹ́ ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ sọ kí wọ́n tó gún yín. Tẹ́ ẹ bá máa wọ bàálù láàárín ọjọ́ mélòó kan sí i, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn, torí ẹ̀rọ tó ń wá rédíéṣọ̀n ní pápákọ̀ òfurufú lè pariwo lé yín lórí. Àǹtí mi ò wọ bàálù níbì kankan, wọ́n ṣì gba tiwọn, ó wà nínú báàgì yẹn di òní.