Bí èèyàn bá ṣèèṣì gbé àpò nikotíìnì mì

Àpò nikotíìnì ni àpò funfun kékeré tí àwọn èèyàn ń ki bọ àárín ètè àti èrìgì. Wọ́n á fi í síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20 títí dé wákàtí kan, wọ́n á wá yọ ọ́ jù nù. Kò ní èéfín, kò sì sí ewé tábà nínú rẹ̀. Nikotíìnì tí wọ́n yọ lára tábà, tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́, ni wọ́n pò mọ́ fọ́nrán igi, adùn àti òórùn míńtì. ZYN àti VELO wà lára àwọn orúkọ tó gbajúmọ̀ jù lórí agolo rẹ̀. Snus ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní London ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tábà gidi ló wà nínú snus àwọn ará Sweden.

Ẹnu ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún ikùn. Ṣùgbọ́n èèyàn lè sùn lọ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu, tàbí kó máa mu omi kó sì bá omi lọ. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe dá lórí ẹni tó gbé e mì. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tó sì jẹ́ ẹyọ kan péré, inú rẹ̀ lè ru, ó lè bì, á sì lọ. Bó bá jẹ́ ọmọdé, ẹ má dúró wò ó bóyá yóò ṣe é tàbí kò ní ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Nígbà tí àpò yìí bá wà lábẹ́ ètè, nikotíìnì ń gba ara èrìgì wọ ẹ̀jẹ̀ tààrà. Àwọn tó ń ṣe é máa ń fi èròjà kan sí i tí kì í jẹ́ kí itọ́ kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń kan, torí níbi tí nǹkan kò bá ti kan ni nikotíìnì ti ń tètè wọlé. Inú ikùn kò rí bẹ́ẹ̀, ó kan gan-an, kíkan yẹn ò sì jẹ́ kí nikotíìnì ráyè wọ ara kíákíá. Ìgbà tó bá dé ìfun ló tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ tó sì gbà á láti ìfun gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó dé ibòmíràn. Ẹ̀dọ̀ ni oníbodè tó ń já ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀: ó ń sọ púpọ̀ nínú nikotíìnì náà di cotinine, èròjà tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìwọ̀nba tó bá ráyè kọjá ló ń dé ọkàn àti ọpọlọ, kì í sì í sábà tó ìdajì ohun tí èèyàn gbé mì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nikotíìnì fúnra rẹ̀ ń mú èébì wá, ara á sì ti da díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde kó tó ráyè wọlé.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn ló ti ń kọ ọ́ tipẹ́ pé mílígíráàmù 60 tó láti pa àgbàlagbà. Ní ọdún 2014, Bernd Mayer, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Graz ní Austria, tọ ipasẹ̀ iye yẹn lọ sẹ́yìn títí dé ọ̀rúndún 19. Ó rí i pé àdánwò tí àwọn kan ṣe lára ara wọn, tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni wọ́n gbé e lé. Nínú ìṣirò tirẹ̀, iye náà ju mílígíráàmù 500 lọ. Mo sọ èyí torí ẹni tó ṣèèṣì gbé ẹyọ kan tó ní mílígíráàmù 3 tàbí 6 mì, tó wá ń gbọ̀n jìnnìjìnnì pé òun ti kú. Ìbẹ̀rù nìkan tó láti mú kí àyà èèyàn máa já, kí òòyì sì máa kọ́ ọ.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbé e mì, ẹ fi omi yọ ẹnu, kí ẹ tu ú dànù. Ẹ lè máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fa sìgá, ẹ má sì fi àpò mìíràn sẹ́nu lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá lẹ ohun tó ní nikotíìnì mọ́ ara, ẹ ṣí i kúrò. Ẹ jókòó síbi tí ẹlòmíràn wà, ẹ má sì wa mọ́tò. Láàárín wákàtí kan, inú lè máa ru, itọ́ lè máa ṣàn, òógùn tútù lè bò yín, orí lè fọ́, ọkàn sì lè máa sáré. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ń rọlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan sí méjì. Àpò fúnra rẹ̀ kì í dà nínú ikùn, yóò bá ìgbẹ́ jáde.

Bí èébì kò bá dá, bí àyà bá ń dùn yín, bí èémí kò bá já gaara, bí ara bá rọ jọwọrọ, tàbí tí èèyàn bá dákú tàbí tí gìrì mú un, ilé ìwòsàn ni kíá. Ẹni tó gbé ju ẹyọ kan mì, aboyún, ẹni tó ní àrùn ọkàn, àti ẹni tó gbé èyí tó le mì gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn, kódà bí nǹkan kan ò bá tíì ṣe é. Àwọn kan wà lọ́jà tó ní mílígíráàmù 20 nínú ẹyọ kan. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà ọ̀rọ̀ májèlé ni 1-800-222-1222, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń gbé e. Ní Britain, ẹ pe 111, àmọ́ bí ẹni náà bá ti dákú, 999 ni. Ní Nàìjíríà, 112 ni, tàbí 767 ní Èkó. Bí ilé ìwòsàn bá wà nítòsí, ẹ kúkú gba ibẹ̀ lọ tààrà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ epo pupa, torí nínú ilé Yorùbá, òun ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń nà sí bí ẹnì kan bá gbé nǹkan burúkú mì. Ìyá àgbà tó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó ní Houston mọ ibi tí kèǹgbè epo wà nínú kíṣínì. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é, mo mọ̀, ṣùgbọ́n epo kò pa nikotíìnì rárá. Ohun tó lè ṣe ni pé, bí ọmọ bá ń bì tàbí tí oorun ń kùn ún, epo náà lè gba ọ̀nà òdì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa àrùn tó le ju ohun tí wọ́n fẹ́ wò lọ. Mílíìkì náà kì í ṣe oògùn rẹ̀. Ẹ má ti ìka bọ ọ̀nà ọ̀fun ẹnikẹ́ni kó lè bì. Ẹ má lọ èédú ìdáná fún un mu. Èédú kan wà tí dókítà lè fúnni ní ilé ìwòsàn, kì í ṣe èyí tó wà nínú àdògán.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ló ká mi lára jù. Àpò yìí funfun, ó kéré, ó dùn, ó ń rùn bíi míńtì, ọmọ ọdún méjì á sì rò pé súìtì ni. Ọmọ tó wọn kílò 10 tó gbé ẹyọ kan tó ní mílígíráàmù 6 mì, bí àgbàlagbà oníkílò 70 tó gbé méje mì ló rí. Nínú ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Pediatrics ní 2025, bí irú èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà ní Amẹ́ríkà ti fi ju ìlọ́po mẹ́jọ lọ láàárín 2020 sí 2023. Èyí tí wọ́n ti lò tán náà léwu, torí nikotíìnì ṣì máa ń kù sínú rẹ̀.

Ẹ fi ìka nu èyí tó bá kù lẹ́nu ọmọ kúrò, kí ẹ pe nọ́ńbà tí mo kọ sókè yẹn tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá ṣì ń ṣeré. Bí gìrì bá mú un, ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yá iná. Jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù. Ewé tábà wà lára ohun tí wọ́n ń rẹ sínú àgbo yẹn, pẹ̀lú áyù, efinrin àti àlùbọ́sà. Nikotíìnì kan náà lẹ máa tún rọ sí ọmọ náà lẹ́nu. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ mú agolo rẹ̀ dání lọ, torí iye mílígíráàmù wà lára rẹ̀. Wọ́n á bi yín ní aago tó ṣẹlẹ̀, iye ẹyọ tó ṣeé ṣe kó jẹ́, àti ìwọ̀n ọmọ. Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa nikotíìnì. Wọ́n á máa ṣọ́ ọkàn àti èémí rẹ̀, wọ́n á fa omi sí i lára bó bá yẹ, wọ́n á sì dá gìrì dúró bó bá dé. Kí ẹni tó kù nílé wo abẹ́ àga, àpò ṣòkòtò àti báàgì kí ọmọ náà tó padà dé, torí ibi tó ti rí ẹyọ kan, òmíràn lè wà níbẹ̀.