Rédíò ìbánisọ̀rọ̀ inú ọkọ̀: ta ni fíúsì ẹ̀gbẹ́ bátìrì ń ṣọ́?

Ẹ ó ti rí i nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, nínú áńbúláǹsì, àti nínú Hilux àwọn tó ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ti ń la títì: àpótí dúdú kékeré kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, máìkì tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èrìálì tó nàró lórí òrùlé ọkọ̀. Rédíò ìbánisọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe wọkitọ́kì ọwọ́ tí wọ́n kàn sọ di ńlá. Wọkitọ́kì ọwọ́ ń fi nǹkan bíi wáàtì 4 tàbí 5 sọ̀rọ̀, inú ara rẹ̀ sì ni bátìrì rẹ̀ wà. Ti ọkọ̀ ń lo wáàtì 25 títí dé 50, bátìrì ọkọ̀ ló sì ń jẹ. Ibi tó ti ń jẹun yìí gan-an ni iná ti máa ń sọ.

Bí rédíò bá wà ní títàn tó kàn ń gbọ́, ohun tó ń fà kò tó nǹkan. Ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì máìkì ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta iná tó wọ inú rédíò ló ń gba èrìálì jáde, ìyókù ń di ooru. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹ̀yìn rédíò fi rí pálapàla, kí ooru lè ráyè jáde. Rédíò oníwáàtì 50 sábà máa ń fa ámpù 10 sí 13 lásìkò yẹn. Iye yẹn wà nínú ìwé tó bá rédíò wá, ìwé tí ọ̀pọ̀ wa máa ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú páálí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fíúsì ló yẹ kó ṣíwájú, torí òun ni wọ́n máa ń ṣì gbé sí jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé rédíò ni fíúsì ń dáàbò bò. Rárá o, wáyà ló ń ṣọ́. Bátìrì tó lágbára láti yí ẹ́ńjìnì lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpù jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí wáyà pupa bá fara kan irin ọkọ̀. Kò sí wáyà rédíò tó lè gbé irú iná bẹ́ẹ̀ kí rọ́bà ara rẹ̀ má yọ́, kápẹ́ẹ̀tì tó wà lórí rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ gbaná. Fíúsì ámpù 15 tàbí 20 yóò ti já kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, bó bá ṣe pé ibi tí iná ti ń jáde ló wà. Àmọ́ bí wọ́n bá gbé fíúsì sí ẹ̀yìn rédíò, tí mítà mẹ́ta wáyà wà láàárín òun àti bátìrì, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ mítà mẹ́ta yẹn. Ó dà bí ẹni tó gbé ọdẹ sí ẹnu ọ̀nà yàrá tó wá fi géètì sílẹ̀ gbayawu.

Sẹ̀ǹtímítà 15 tàbí súnmọ́ bẹ́ẹ̀ sí orí bátìrì tó pupa, ibẹ̀ ni àyè rẹ̀. Wáyà tó bá ojúlówó rédíò wá, bóyá Motorola ni o tàbí Kenwood tàbí Icom, sábà máa ń ní ilé fíúsì lára tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé wáyà náà kì í gùn tó fún ọkọ̀ mìíràn, rẹ́wáyà á wá fi wáyà kún un lápá bátìrì, fíúsì á sì bá ara rẹ̀ ní àárín ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Apá rédíò ni kí ẹ ní kó ti fi kún un. Tí fíúsì bá sì já, ẹ wá ohun tó já a. Fíúsì ámpù 30 kì í ṣe àtúnṣe, fífi wáyà bàbà búríjì rẹ̀ ló sì burú jù nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe sí ọkọ̀.

Wáyà dúdú ńkọ́? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ díẹ̀. Irin ara ọkọ̀, tí àwọn rẹ́wáyà ń pè ní bọ́dì, ló ń dá iná padà sí orí dúdú bátìrì, nípasẹ̀ wáyà nínípọn kan tó ti orí bátìrì wá sára irin. Nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́, wáyà nínípọn yìí máa ń dípẹtà, nọ́ọ̀tì rẹ̀ á tú. Ẹ wá wò ó bí rédíò bá ti so wáyà dúdú tirẹ̀ tààrà mọ́ orí bátìrì: ọjọ́ tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, tí sítátà ń wá ọ̀nà tí iná rẹ̀ máa gbà padà, tí kò sì rí ọ̀nà tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀, inú rédíò ni yóò gbà. Yóò ti ara irin ọkọ̀ bọ́ sí wáyà èrìálì tàbí irin tí wọ́n fi de rédíò, yóò la rédíò kọjá, yóò sì gba wáyà dúdú tín-ín-rín yẹn lọ sí orí bátìrì. Rédíò tí wọn ò tilẹ̀ tàn lè jóná báyìí. Nítorí náà, bí wáyà dúdú bá lọ sórí bátìrì, ó gbọ́dọ̀ ní fíúsì tirẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí èmi fara mọ́ ni kí wọ́n dè é mọ́ irin ọkọ̀ níbi tí wáyà nínípọn bátìrì fúnra rẹ̀ ti de irin, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò. Èyí tún ṣe pàtàkì fún ọkọ̀ ìgbàlódé tó ní ẹ̀rọ kékeré lórí dúdú bátìrì tó ń ka iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde: ohun tí ẹ bá so tààrà mọ́ orí bátìrì níbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò ní rí i kà, ìṣirò rẹ̀ á sì dàrú.

Ìnípọn wáyà kì í ṣe fáàrí. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Wáyà bàbà 1.5 mm², irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe iná gílóòbù nínú ilé, tó bá gùn ní mítà 4 lọ àti mítà 4 bọ̀, ohun tó lé ní fóltì 1 ló máa sọnù sójú ọ̀nà nígbà tí rédíò bá ń fa ámpù 12. Wáyà 6 mm² kò ní pàdánù tó ìdá kan nínú mẹ́ta fóltì kan. Ọ̀pọ̀ rédíò ni wọ́n ṣe fún fóltì 13.8, tí wọ́n sì gbà kó lọ sókè tàbí sódò ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé fóltì 11.7 ni ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, tí bátìrì wà ní 12.4, ẹni tó lo wáyà 1.5 ti já sí 11.3. Rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á tún tàn, ohùn á máa já, wọ́n á wá ní rédíò náà ti bàjẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú wáyà tí ẹ bá rà ní ọjà wò: bí inú rẹ̀ bá funfun, alúmíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, iná tó lè gbé kéré sí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ihò tí a fi ń ṣájì fóònù kò sì tó fún iṣẹ́ yìí. Wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ tín-ín-rín, ojú rẹ̀ kì í dì mú dáadáa, ó sì máa ń gbóná títí rọ́bà á fi yọ́.

Láti ibi bátìrì, wáyà á gba inú ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti ibi tí a jókòó sí. Ihò tí wọ́n bá lu gbọ́dọ̀ ní òrùka rọ́bà, torí ẹnu irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lu mú, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n (ọ̀nà tiwa tún ń bá a gbọ̀n). Kó jìnnà sí sàlẹ́ńsà, sí ẹsẹ̀ bíréèkì àti sí ọ̀pá sítíárìn.

Ọkọ̀ akẹ́rù ní ìṣòro tirẹ̀. DAF, MAN, Iveco àti ọ̀pọ̀ akẹ́rù tó ti Yúróòpù wá ń lo fóltì 24, bátìrì oní-12 méjì tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn. Rédíò fóltì 13.8 ni, bí wọ́n bá so ó mọ́ 24, ó parí. Àwọn kan rò pé àwọn gbọ́n, wọ́n á fa wáyà láti àárín bátìrì méjèèjì kí wọ́n lè rí 12. Rédíò á ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n bátìrì kan ni rédíò ń jẹ, àwọn méjèèjì ni alternator sì ń ṣájì pọ̀ bí ẹni pé ọgbọọgba ni wọ́n. Èyí tí rédíò ń jẹ kò ní kún láé, ìkejì á máa gba àgbàkún, omi inú rẹ̀ á máa hó lọ. Bátìrì méjèèjì á kú láìtọ́jọ́, ẹni tó ń tún bátìrì ṣe ni wọ́n á sì máa dá lẹ́bi. Ẹ̀rọ tó ń sọ 24 di 12 wà lọ́jà. Èyí tó lè gbé ámpù 15 tàbí 20 láìdẹ́kun ni kí ẹ rà. Mack tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń jẹ́ fóltì 12, nítorí náà ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó so ohunkóhun.

Ní ti ibi tí rédíò máa wà, airbag ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Airbag ń ṣí láàárín ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá kàn sí iwájú rẹ̀, ojú ẹni tó jókòó ló máa jù ú sí. Ẹ wo orí dáṣíbọ́ọ̀dù lápá èrò. Ẹ wo orúnkún awakọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ tó ń wọlé báyìí tún ní airbag lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé, tí ó sọ̀ kalẹ̀ lára òpó gíláàsì iwájú, ibẹ̀ gan-an sì ni ó máa ń wu rẹ́wáyà láti gba wáyà èrìálì kọjá. Wáyà tó bá wà nínú rọ́bà yẹ́lò, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jí iná lára rẹ̀. Kí rédíò jókòó lórí irin tí wọ́n fi síkúrù dè, kì í ṣe téèpù; bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, àpótí irin yẹn á di òkúta.

Àárín òrùlé ni èrìálì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù, torí irin òrùlé ni ìdajì èrìálì tí a kò rí. Gígùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà: ẹ fi MHz (nọ́ńbà ojú ìgbì) tí ẹ ń lò pín 300, ẹ rí gígùn ìgbì ní mítà, ẹ wá pín in sí mẹ́rin. Fún 150 MHz, bíi ìdajì mítà. Fún 450 MHz, bíi sẹ̀ǹtímítà 17. Èrìálì tí kò bá MHz yín mu ń ti iná padà sínú rédíò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn SWR, ìwọ̀n bí èrìálì ṣe ń ti iná padà, ló ń fi èyí hàn: 1.5 sísàlẹ̀ dára, bó bá ti ń súnmọ́ 3, ẹ má sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ẹ má sì tẹ máìkì láé nígbà tí èrìálì kò sí lẹ́yìn rédíò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Hilux tí àwọn ẹ̀ṣọ́ jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ gbangba. Wọ́n á de èrìálì wáàtì 50 mọ́ irin ẹ̀yìn, orí èèyàn á wà ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sí i láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ìwé rédíò máa ń sọ iye tó yẹ kó wà láàárín èrìálì àti ara ènìyàn bí a bá ń sọ̀rọ̀. Kí wọ́n kà á, kí wọ́n gbé e lọ sórí òrùlé.

Ojú ìgbì tí ẹ máa lò kì í ṣe ohun tí ẹni tó ta rédíò kàn lè yàn fún yín. Ní Nàìjíríà, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, ni ilé-iṣẹ́ aládàáni ń lọ bá fún un. Bí ọkọ̀ bá sì ń wọ ibi tí wọ́n ti ń fi àdó fọ́ òkúta, bíi àwọn tó wà káàkiri Ògùn, ẹ tẹ̀lé pátákó tó bá ní kí ẹ pa rédíò. Àdó tí wọ́n ń fi iná tàn lè gba agbára èrìálì yín kó sì bú láìtọ́jọ́ rẹ̀. Bákan náà ni ilé epo: ẹ má tẹ máìkì níbi tí wọ́n ti ń rọ epo.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ dúró lójú kan, ẹ́ńjìnì wà ní títàn, kí ẹnì kan tẹ máìkì, kí ẹlòmíràn máa wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ṣé iná ABS (ti bíréèkì) tàn? Ṣé ẹ́ńjìnì kọsẹ̀? Ṣé ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀ pa? Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀, ẹ má gbé ọkọ̀ náà sójú títì; ẹ kọ́kọ́ sún wáyà èrìálì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ọkọ̀. Ẹ wá fi mítà wọn fóltì lẹ́yìn rédíò nígbà tí máìkì ṣì wà ní títẹ̀, kí ẹ fi wé ti orí bátìrì. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju ìdajì fóltì lọ, ojú ìsopọ̀ kan kò dára tàbí wáyà tín-ín-rín jù. Ẹ fọwọ́ kan ilé fíúsì lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó lè lọ́wọ́ọ́wọ́, ṣùgbọ́n bó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi yára fa ọwọ́ padà, ẹ tú u, kí wọ́n tẹ ẹnu wáyà rẹ̀ pa dáadáa pẹ̀lú irinṣẹ́ tó tọ́ sí i.