Àdéhùn àlàáfíà nínú ogun òmìnira: kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an?

Táwọn èèyàn bá gbọ́ "àdéhùn àlàáfíà", tábìlì, bírò àti fọ́tò ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Ìparí ẹ̀ nìyẹn o. Nínú ogun òmìnira, iṣẹ́ tó le jù máa ń wà kí ẹnikẹ́ni tó jókòó rárá, torí amúnisìn ò gbà pé ìlú kan lẹ ń jẹ́, ọlọ̀tẹ̀ ló kà yín sí, ta ló wá fẹ́ bá ọlọ̀tẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé?

Ẹ wo Àlgéríà. FLN, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Àlgéríà, gbé ìbọn sí Faransé ní November 1, 1954, Faransé ò tiẹ̀ fẹ́ pè é lógun, wọ́n ní Àlgéríà fúnra ẹ̀ Faransé ni, pé àwọn kàn ń pẹ̀tù sí rògbòdìyàn ni. Ọdún 1999 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ sínú òfin wọn pé ogun ni!

Nígbà tí De Gaulle, ààrẹ Faransé, wá gbà ká sọ̀rọ̀, wàhálà àkọ́kọ́ ni ta ni ká bá sọ ọ́. Wọ́n dá April 7, 1961 ní Évian, ìlú kékeré kan létí adágún Geneva. Ni mínísítà Faransé, Louis Joxe, bá lọ sọ pé òun máa bá MNA náà, ẹgbẹ́ òmìnira Àlgéríà míì tó ń bá FLN figagbága, sọ̀rọ̀ bóun ṣe máa bá FLN sọ ọ́, FLN ní àwọn ò wá mọ́. Kì í ṣe ìgbéraga o. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ló rí, ẹni tó o bá ti pè síbi tí wọ́n ti ń pín in, o ti gbà pé ó nípìn-ín níbẹ̀ nìyẹn. Ní March 31, 1961, bọ́ǹbù OAS, ìyẹn àwọn tí ò fẹ́ kí Àlgéríà bọ́ lọ́wọ́ Faransé, ti pa Camille Blanc tó jẹ́ olórí ìlú Évian.

Wàhálà kejì, èwo ló ṣáájú? Faransé ní ẹ gbé ìbọn sílẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀, FLN ní ká sọ̀rọ̀ tán ná. Ẹ̀yìn FLN lèmi wà níbí, torí ìbọn yẹn ló jẹ́ kí wọ́n dá wọn lóhùn, tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀ lónìí ta ló máa ránṣẹ́ pè wọ́n lọ́la? May 20 ni wọ́n tó jókòó, Faransé dá ìkọlù tiẹ̀ dúró, FLN ò dá tiẹ̀ dúró.

Sàhárà ló wá tú gbogbo ẹ̀ ká ní July. Epo wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni Faransé ti ń dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò (bọ́ǹbù yìí ló mú kí Nàìjíríà lé aṣojú Faransé jáde ní January 1961), wọ́n ní Sàhárà ò sí lára Àlgéríà. Ní September De Gaulle jọ̀wọ́ ẹ̀. FLN náà jọ̀wọ́ tiẹ̀: Faransé á lo èbúté ológun Mers el-Kébir fún ọdún 15, á sì lo àwọn ibi ìdánwò yẹn fún ọdún 5.

Wọ́n pàdé ní bòókẹ́lẹ́ ní Les Rousses ní February 1962, Krim Belkacem fọwọ́ sí àdéhùn náà fún FLN ní Évian ní March 18, ọ̀sán ọjọ́ kejì ìbọn dákẹ́, ó kéré tán lórí ìwé, torí OAS ò dákẹ́. Àmọ́ Faransé ò pè é ní àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè méjì, torí kò tíì sí orílẹ̀-èdè kejì lójú wọn. Aráàlú ló kọ́kọ́ dìbò, ní Faransé ní April 8, ní Àlgéríà ní July 1, July 3 ni De Gaulle tó kéde pé Àlgéríà ti dòmìnira. Ìwé yẹn fún àwọn òyìnbó tó ń gbé ibẹ̀, bíi mílíọ̀nù kan, lọ́dún mẹ́ta láti yan orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá fẹ́. Kí ọdún 1962 tó parí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wọkọ̀ lọ.