Kí Lẹ Ti Dà Sójú Náà?

Ìbéèrè tó máa ń ṣáájú lẹ́nu wa nílé ìwòsàn ojú nìyẹn, àwọn èèyàn a sì máa yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Omi ṣúgà, omi ọmú, ìtọ̀, omi ewé: kò sí èyí tí a ò tíì gbọ́. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìrora kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Àmọ́ ojú tí igi kàn ha lára lásán, kòkòrò inú ìtọ̀ lè sọ ọ́ di egbò tó ń kẹ̀. Bí awọ fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara lórí dúdú ojú bá kẹ̀, àpá funfun ló máa kù síbẹ̀ tó bá jiná, yóò sì dínà ìmọ́lẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìha kékeré bẹ́ẹ̀, tí a bá tọ́jú ẹ bó ṣe yẹ, ọjọ́ 2 sí 3 ló sábà fi ń san. Òògùn ìkánlójú tó ní sítẹ́rọ́ìdì, èyí tó ń mú kí wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀, tí ẹ fúnra yín rà ní kẹ́míìsì náà léwu: ojú lè má pọ́n mọ́, kí egbò ṣì máa jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ásíìdì bátìrì ń jó ojú, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì àti sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ burú jù ú lọ, torí wọ́n ń wọnú lọ ni. Ẹ má wulẹ̀ dúró de dókítà. Kí ẹnì kan la ìpénpéjú rẹ̀, kí ẹ máa da omi tó mọ́ sí i fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú, kí ẹ tó gbéra. Tẹ́ ẹ bá dé, àwa náà á tún fọ̀ ọ́, a ó sì yí ìpénpéjú òkè sódì, torí ibẹ̀ ni hóró sìmẹ́ǹtì máa ń fara pamọ́ sí.

Ti ìṣó tàbí wáyà tó gún ẹyinjú yàtọ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má yọ ọ́. Ẹ fi ìdí ife oníke bo ojú náà, kí ife náà jókòó lórí egungun tó yí ojú ká, kí aláìsàn má sì jẹun, torí iṣẹ́ abẹ lè yá.

Ṣé yóò tún ríran? Ibi tó bá bà jẹ́ ló máa sọ. Bí lẹ́ńsì inú ojú bá funfun, a lè yọ ọ́ ká fi tuntun sí i. Iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ ni kò ní àtúnṣe bó bá já. Tọmọdé tún lọ́tọ̀: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, a lè ní kí ẹ máa fi nǹkan bo ojú tó dáa fún wákàtí díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ọpọlọ má bàa pa èyí tó fara pa tì. Àwọn ìyá kì í fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Bí bọ́ọ̀lù tàbí bẹ́líìtì bá bà á, tí ẹ̀jẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ dúdú ojú, kó máa gbé orí sókè sùn, ẹ má fún un ní aspirin. Ẹ̀jẹ̀ náà sábà máa ń lọ, ṣùgbọ́n gùlókómà, àìsàn tí ìfúnpá inú ojú sábà fi ń ba iṣan ìríran jẹ́, lè yọjú lọ́dún púpọ̀ lẹ́yìn náà láìro ó. Ẹ mú un wá lọ́dọọdún ká wọn ìfúnpá ojú náà, bó tilẹ̀ ń ka gbogbo lẹ́tà ara ògiri.