Ọ̀bẹ Kọ́ Ló Lé Jẹjẹrẹ Ẹnu Lọ Sọ́rùn

"Bí wọn ò bá fọ̀bẹ kàn án ni, kì bá tí tàn." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Egbò wà lára ahọ́n, dókítà gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, nígbà tó yá kókó le gbandi lábẹ́ àgbọ̀n, ọ̀bẹ bá di ọ̀daràn.

Pé jẹjẹrẹ ahọ́n máa ń dé ọrùn, a ò jiyàn. Ìgbà tó débẹ̀ ni ìjà wà. Ẹ̀jẹ̀ nìkan lọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé ó ń rìn nínú ara. Omi kan tún wà tó ń sun láti inú ẹran ara, tó ń gba àwọn ọ̀nà tín-ín-rín kọjá. Àwọn kókó kéékèèké ló ń sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, kó tó padà sínú ẹ̀jẹ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára ahọ́n, ahọ́n náà kì í sì í sinmi: à ń jẹun, à ń rojọ́, à ń gbé itọ́ mì. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọnú ẹran ahọ́n tó mìlímítà 3 tàbí 4, ewu pé díẹ̀ lára rẹ̀ ti bá omi náà lọ ti pọ̀ sí i nìyẹn. Kókó abẹ́ àgbọ̀n àti ti òkè ọrùn ló sábà máa ń há sí. Ọwọ́ lè má bá nǹkan kan níbẹ̀ o! Nínú èèyàn 100 tí jẹjẹrẹ ẹnu wọn ò tíì fẹjú, tí ọwọ́ ò bá kókó kankan lọ́rùn wọn, bí 20 sí 30 ló ti débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbà pé ọ̀bẹ ló ń tan án ká. Á jẹ́ pé ẹni tí wọ́n gé jù ló yẹ kó tètè kú. Ní Mumbai, ní Íńdíà, àwọn dókítà kó kókó ọrùn àwọn kan kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n gé ti ẹnu wọn. Ti àwọn yòókù, wọ́n gé ti ẹnu nìkan, wọ́n sì dúró dìgbà tí kókó bá yọ lọ́rùn kí wọ́n tó gé e. Èsì jáde ní 2015: lẹ́yìn ọdún 3, ìdá 80 nínú 100 àwọn tí wọ́n gé jù ló wà láàyè, ìdá 67.5 péré lára àwọn tó dúró. Ọ̀bẹ apànìyàn wo nìyẹn?

N ò ní ọ̀bẹ ò lè ṣèṣì fa nǹkan rárá. Àwọn dókítà fúnra wọn kì í fẹ́ kéèyàn ṣáà la kókó ọrùn láì tíì yẹ ẹnu wò. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi fa díẹ̀ níbẹ̀ ná. Àmọ́ ẹni tó bá ní ọ̀bẹ ló fà á, kó kọ́kọ́ sọ ibi tí jẹjẹrẹ náà wà kí ọ̀bẹ tó dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi áásáà sẹ́nu, tẹ́ ẹ tún ń fi ọtí líle lé e, egbò ẹnu tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2 láì jinná kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo. Kókó ọrùn tó le tí kò sì dunni, ẹ má fi róòbù wọ́ ọ. Bí dókítà bá ní òun fẹ́ gé díẹ̀ yẹ̀ wò, ọjọ́ tí èsì máa jáde ni kẹ́ ẹ bi í.