Bí Fáráò Ṣe Wọ Kẹ̀kẹ́ Ẹṣin Lọ Ya X-ray

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú òkú tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ kùn lọ́ṣẹ, tí wọ́n sì fi aṣọ wé kó má bàa jẹrà, ọ̀bẹ ni yóò mú. Ní London láàárín 1830 sí 1840, Thomas Pettigrew, oníṣẹ́ abẹ, tilẹ̀ sọ ọ́ di ìran: èèyàn ń sanwó wá wò ó bó ṣe ń tú aṣọ lára òkú. Èyí tí wọ́n bá ti tú, kò ṣeé wé padà mọ́.

Àfi ìgbà tí Wilhelm Röntgen, onímọ̀ físíìsì, rí ìtànṣán X-ray ní Würzburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì, lóṣù Kọkànlá ọdún 1895. Ọdún kejì ò tíì jìnnà tí Walter König, tóun náà jẹ́ onímọ̀ físíìsì, fi gbé òkú ọmọdé kan àti òkú ológbò kan láti Íjíbítì síwájú ìtànṣán náà ní Frankfurt. Egungun hàn kedere, aṣọ ò sì kúrò lára wọn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Cairo lọ́dún 1903. Grafton Elliot Smith, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara èèyàn, fẹ́ fi egungun Fáráò Thutmose Kẹrin mọ iye ọdún tó lò láyé, ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú aláìsàn ni ẹ̀rọ X-ray wà. Kí ni ká ṣe? Òun àti Howard Carter, awalẹ̀pìtàn, gbé kábíyèsí sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí wọ́n háyà, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ó wù mí kí n mọ ohun tí ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ náà rò nílé ní alẹ́ ọjọ́ yẹn!

Àwòrán X-ray ní àléébù: gbogbo ohun tó wà nínú nǹkan ló ń gorí ara wọn. Ẹ̀rọ CT, ìyẹn ẹ̀rọ X-ray tí kọ̀ǹpútà ń bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n kọ́kọ́ fi yẹ aláìsàn wò ní London lọ́dún 1971, ló ń yà á ní ìpele-ìpele. Lọ́dún 1976, ní Toronto, ọpọlọ Nakht, ahunṣọ ará Íjíbítì àtijọ́, wọ inú ẹ̀rọ CT.

Nígbà tó di 2005, ẹ̀rọ ló kù tó ń rìnrìn àjò. Irin iṣẹ́ Antikythera, ẹ̀rọ táwọn ará Gíríìsì àtijọ́ fi ń ṣírò ìrìn oòrùn àti òṣùpá, tí wọ́n yọ nínú òkun ilẹ̀ Gíríìsì lọ́dún 1901, ti jẹra débi pé kò ṣeé gbé jáde kúrò ní mùsíọ́ọ̀mù Athens. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 8 lọ bá a láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Eyín àwọn àgbá kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ ṣeé kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ìpẹtà ti bò sì tún ṣeé kà.