Tíkẹ́ẹ̀tì sáà ní Premier League: ṣé ó ṣì pé èèyàn?

Kí sáà bọ́ọ̀lù tó parí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kilọ́ọ̀bù ti máa ń kọ̀wé sáwọn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì sáà pé ó ti tó àsìkò láti san ti ọdún tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá kì í jìnnà, owó náà ò sì mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà nílé, ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ń yí kiri, iṣẹ́ àti ọmọ títọ́ ò sì jẹ́ kéèyàn ráyè bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó máa ń jẹ yọ rèé. Gbogbo iye tá a bá fi "ká ní" ṣáájú jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ fi ti kilọ́ọ̀bù yín rọ́pò rẹ̀.

Kí gan-an ni owó náà ń rà?

Àga kan náà, nọ́ńbà kan náà, fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 19. Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú Premier League, kálukú wọn ń gbá 38, ìdajì rẹ̀ nílé. FA Cup, League Cup àti ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù sábà máa ń ní owó tiwọn lọ́tọ̀.

Ohun kejì wà nínú rẹ̀ tí kò hàn lójú tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni ipò. Bí ẹgbẹ́ bá wọ àṣekágbá ní Wembley, àwọn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì sáà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí àwọn yòókù ń du lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí á fi tán, àga tiwọn ti wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ kilọ́ọ̀bù, àwọn náà ni àmì tí kilọ́ọ̀bù ń fún alátìlẹ́yìn tó ń wá déédéé máa ń pọ̀ tó láti rí tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹgbẹ́ bá lọ gbá lóde. Àyè tí wọ́n ń fún àlejò, ìyẹn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ tó wá gbá lóde, ò ju 3,000 lọ, tàbí ìdá kan nínú mẹ́wàá bí pápá náà bá kéré, bẹ́ẹ̀ sì ni láti sáà 2016/17 wọn ò gbọ́dọ̀ tà á ju £30 lọ. Ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri gbọ́dọ̀ ka ìyẹn mọ́ èrè.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó pé mi?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn mú owó náà kó pín in sí 19. Iye ìgbà tẹ́ ẹ máa jókòó sórí àga yẹn ni kẹ́ ẹ fi pín in. Ẹ ṣí kàlẹ́ńdà sáà tó kọjá, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ lọ. Ẹ má ka èyí tó wà lọ́kàn yín láti lọ.

Ká ní tíkẹ́ẹ̀tì sáà jẹ́ £760, ìyẹn £40 lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹni tí kò ní in á fi £35 forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́ fún sáà náà, á wá máa ra ọ̀kọ̀ọ̀kan ní £55. Tẹ́ ẹ bá lọ ní ìgbà 13, £750 ni rírà lọ́kọ̀ọ̀kan máa ná yín, ó sì fi £10 dín sí tíkẹ́ẹ̀tì sáà. Tẹ́ ẹ bá lọ ní ìgbà 14, ó di £805. Tíkẹ́ẹ̀tì sáà ti fi £45 borí. Nínú àpẹẹrẹ yìí, 14 ni ààlà.

Ààlà yẹn kì í dúró sójú kan, torí ọ̀pọ̀ kilọ́ọ̀bù máa ń pín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ sí A, B àti C, iye owó wọn sì yàtọ̀: A ló wọ́n jù, C ló rọjú jù. Tó bá jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ ńlá ńlá nìkan lẹ fẹ́ lọ wò, A lẹ máa rà nígbà gbogbo, ẹ sì lè má rí i rà rárá. Tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù yòówù kó jẹ́ ló ń dùn mọ́ yín, tẹ́ ẹ sì lè mú ọmọ lọ wo ẹgbẹ́ kékeré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òtútù, C á bá àpò yín mu, ẹ ò sì nílò tíkẹ́ẹ̀tì sáà.

Ṣé mi ò kàn lè ta àwọn tí mi ò bá ráyè lọ?

Ẹ lè tà á, ṣùgbọ́n lórí ìkànnì kilọ́ọ̀bù nìkan. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, torí òun ló máa ń sọ bóyá owó náà jóná tàbí kò jóná.

Ní ọ̀pọ̀ kilọ́ọ̀bù, bẹ́ ẹ bá gbé àga yín sílẹ̀ tí ẹlòmíràn sì rà á, ìdá kan nínú 19 owó yín ló máa padà, nígbà mìíràn wọ́n á tún yọ owó iṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Kì í ṣe iye tí ẹni tó rà á san. Bó jẹ́ £55 ló san, £40 tàbí £36 lẹ máa rí. Ibòmíràn, wọn ò ní ṣí ìkànnì náà rárá àfi bí àga tiwọn fúnra wọn bá ti tán. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ẹ̀yin ò fẹ́ lọ sì ni àwọn tó kù náà kì í sábà fẹ́ lọ: alẹ́ Mọ́ńdè, òjò, ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ tábìlì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àpẹẹrẹ wa. Ká ní ẹ lọ ní ìgbà 11, ẹ gbé 8 tó kù síta, mẹ́rin péré sì tà ní £36. £144 padà wálé, owó yín di £616. Rírà lọ́kọ̀ọ̀kan ì bá jẹ́ £640. Ààlà ti sún láti 14 wá sí 11 nítorí mẹ́rin péré tó tà. Bí gbogbo mẹ́jọ bá tà ńkọ́? Owó yín á bọ́ sí £472. Torí náà, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi kilọ́ọ̀bù ní ìbéèrè mẹ́ta: ìgbà wo ni ìkànnì títà máa ń ṣí? Èló ló máa padà sọ́wọ́ mi? Ṣé owó gidi ni, àbí wọ́n á kàn yọ ọ́ nínú ti ọdún tó ń bọ̀?

Ẹ má gbé e sórí Facebook o. Abala 166 nínú òfin Criminal Justice and Public Order Act ti 1994 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kò gbàṣẹ máa ta tíkẹ́ẹ̀tì irú àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọ̀nyí. Kò kan bóyá ẹ jèrè. Bẹ́ ẹ tà á ní iye tẹ́ ẹ rà á gan-an, ẹ ti rú òfin, kilọ́ọ̀bù sì lè gba tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ yín pátápátá. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ta àbúrò yín lọ́rẹ, inú áàpù kilọ́ọ̀bù ni kẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́ sí i. Ẹ ṣọ́ra nípa ti ọmọdé àti àgbàlagbà tó sanwó tó dín: bí géńdé bá fẹ́ lò ó, wọ́n sábà máa ń ní kó san àfikún kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún un.

Kí ló ń jẹ́ kéèyàn pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Tẹlifíṣọ̀n ni. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í fi bọ́ọ̀lù hàn tààrà láàárín aago 2:45 sí 5:15 ọ̀sán Sátidé. Èyí tí tẹlifíṣọ̀n bá fẹ́, wọ́n á gbé e kúrò ní aago mẹ́ta Sátidé lọ sí 12:30 tàbí 5:30 ọjọ́ náà, tàbí sí Sọ́ńdè, tàbí sí aago mẹ́jọ alẹ́ Mọ́ńdè. Oṣù Kẹfà ni ètò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ máa ń jáde, àmọ́ ìyípadà yìí á máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ sáà. Ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin olówó pọ́ọ́kú sílẹ̀, èyí tí wọn kì í san owó rẹ̀ padà, ti pàdánù.

Ẹ wo alẹ́ Mọ́ńdè kan. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú 45, ìsinmi 15, 45 mìíràn, pẹ̀lú àfikún tí rẹfirí bá fún wọn. Aago mẹ́wàá á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kó tó fọn fèrè ìkẹyìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á wá tò sẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin kan ṣoṣo, wọ́n á sì máa jẹ́ kí wọ́n wọlé ní díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìn ti dìde ní ìṣẹ́jú 80, ó ń gbọ́ ariwo góòlù láti orí àtẹ̀gùn. Ó sanwó ìṣẹ́jú 90, kò wo 90.

Bí kilọ́ọ̀bù yín bá máa gbá Europa League tàbí Conference League, ìyẹn ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ ti mọ̀ ṣáájú: Tọ́sìdé ni wọ́n ń gbá a, nítorí náà Sọ́ńdè ni ọ̀pọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì wọn máa bọ́ sí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè, tàbí tí kì í fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré, kó tètè yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò rẹ̀.

Owó wo ló tún wà níbẹ̀ tí kò hàn?

Èlé, bẹ́ ẹ bá ń san án díẹ̀díẹ̀. Ká ní wọ́n ní kẹ́ ẹ san £80 lóṣù fún oṣù mẹ́wàá lórí £760. £800 nìyẹn, £40 tó lé jẹ́ odindi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tẹ́ ẹ san láìwò ó. Ilé iṣẹ́ ayánilówó ló sábà máa ń wà nídìí irú ètò bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì yẹ ìwé gbèsè yín wò.

Ètò ife ẹ̀yẹ náà wà. Àwọn kilọ́ọ̀bù kan á ní kẹ́ ẹ wọ ètò tó ń yọ owó ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ife ẹ̀yẹ kúrò ní bánkì yín fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́, ẹ jáde kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó yan ẹni tí ẹgbẹ́ máa pàdé.

Èyí tó tún ń bí àwọn èèyàn nínú ni òfin iye ìgbà tó kéré jù. Kilọ́ọ̀bù mìíràn á ní àga yín gbọ́dọ̀ ní ẹni tó jókòó síbẹ̀ ní iye ìgbà báyìí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tún un san. Lójú tiwa, ó tọ̀nà kí àga má ṣófo, ṣùgbọ́n kí kilọ́ọ̀bù tó ń gbé ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kiri máa fìyà jẹ ẹni tí ọjọ́ tuntun náà ò bá lára mu, ìyẹn ò dáa. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ka èyí tẹ́ ẹ bá tà lórí ìkànnì wọn tàbí tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn mọ́ lílò.

Bí mo bá fi í sílẹ̀ lọ́dún kan, ṣé mo lè padà?

Ní kilọ́ọ̀bù tí èèyàn ń tò fún, rárá. Ìdí ìlà lẹ máa padà sí, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ìbẹ̀rù yìí ló ń mú káwọn mìíràn máa san án láìlọ. Ní kilọ́ọ̀bù tí àga ò tán, ẹ lè fi sílẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ padà lọ́dún tó ń bọ̀, kò sóhun tó máa ṣe yín. Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ ni bí ìlà ṣe gùn tó. Ẹ wádìí pẹ̀lú bóyá kilọ́ọ̀bù yín fàyè gba kéèyàn sinmi fún sáà kan nítorí àìsàn, oyún tàbí iṣẹ́ lókè òkun.

Ṣé alátìlẹ́yìn lè rí nǹkan ṣe sí owó tó ń lọ sókè?

Wọ́n ti rí i ṣe rí. Ní 6 oṣù Kejì 2016, Liverpool ń gbá Sunderland ní Anfield lẹ́yìn tí wọ́n kéde pé tíkẹ́ẹ̀tì kan máa tó £77. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 77, nǹkan bí 10,000 èèyàn dìde, wọ́n jáde. Liverpool ń fi góòlù 2 sí òdo borí nígbà náà. 2 sí 2 ni wọ́n parí ẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn tó ni kilọ́ọ̀bù fi tọrọ àforíjì, tí wọ́n sì fagi lé e. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni àwọn kilọ́ọ̀bù Premier League fọwọ́ sí òfin tá a mẹ́nu bà lókè, pé tíkẹ́ẹ̀tì àlejò ò gbọ́dọ̀ ju £30 lọ.

Ibòmíràn ńkọ́?

Ní Jámánì, ẹgbẹ́ 18 ló wà ní Bundesliga, nítorí náà 17 ni ti ilé. Àyè ìdúró ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ti Dortmund nìkan ń gba nǹkan bí 25,000 èèyàn, owó ìdúró sì kéré sí ti àga. Ti NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football), le jù ú lọ: 8 tàbí 9 ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì nílé, wọ́n á fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìmúrasílẹ̀ tó ń ṣáájú sáà kún un, àwọn ẹgbẹ́ kan á sì tún gba owó ńlá lọ́tọ̀ fún ẹ̀tọ́ láti ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà.

Mo ti pinnu láti rà á. Ibo ni kí n jókòó sí?

Ẹ má fi àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan yàn án. Ẹ lọ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan láti abala yẹn ná. Àga tó wà níwájú pátápátá máa ń rẹ nínú òjò, torí òrùlé sábà máa ń dópin kó tó dé ibẹ̀. Ẹ̀yin ò sì ní rí bí ẹgbẹ́ ṣe tò, torí ojú yín àti orí pápá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nínú pápá àtijọ́, òpó lè dí góòlù kan. Lẹ́yìn góòlù ni orin ti ń gbóná, ìdúró ni wọ́n sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Lẹ́yìn àjálù Hillsborough ní 1989, tó gba ẹ̀mí èèyàn 97, àga nìkan ni wọ́n gbà láyè. Láti 2022 ni wọ́n ti tún fàyè gba ìdúró níbi tí irin ìdáàbòbò bá wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí eékún ń dùn, tàbí tó fẹ́ mú ọmọ kékeré dání, kó yà kúrò níbẹ̀.

Orí fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì wà nísinsìnyí. Ilé ni kẹ́ ẹ ti gbé e sínú wallet fóònù, áàpù tó ń tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dákú nígbà tí èèyàn bá pọ̀ níwájú pápá. Fọ́tò tẹ́ ẹ yà lójú fóònù ò ní ṣí ilẹ̀kùn.

Bí ẹgbẹ́ mi bá já bọ́ sí Championship, líìgì tó wà lábẹ́ Premier League, ńkọ́?

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ń já lọ́dọọdún. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nílé á di 23 dípò 19, torí ẹgbẹ́ 24 ló wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á sì bọ́ sáàárín ọ̀sẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ sanwó kó tó dájú bóyá ẹgbẹ́ máa já. Àwọn kilọ́ọ̀bù kan á kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ẹgbẹ́ bá já, owó máa dín, wọ́n á sì dá ìyókù padà. Bí gbólóhùn yẹn ò bá sí nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ béèrè kí ọjọ́ sísan tó pé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ ní kíkọ.